Ọmọ ọdún 13 tó ń ju softball ní Ìkòròdú: ibo ni ọ̀nà rẹ̀ lọ?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Sábó, ní Ìkòròdú, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 13 ní oṣù tó kọjá, JSS3 ló wà. Softball ni wọ́n ń gbá ní ilé-ìwé wọn, òun ló sì máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Ọkùnrin kan tó ní éjẹ́ǹtì lòun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, pé tí mo bá san ₦800,000, òun á gba àyè fún ọmọ mi, àwọn kóòṣì yunifásítì á wà níbẹ̀, wọ́n á sì mú un lójú ẹsẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa eré yìí. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún àwọn tó ń gbá a? Báwo ni wọ́n ṣe ń ti kékeré débẹ̀? Ṣé kí n fún ọkùnrin yìí lówó?”

Ẹ ṣeun, màmá. Softball jọ baseball: ẹnì kan á ti abẹ́ ju bọ́ọ̀lù, alátakò á fi igi gbá a, á sì sáré yí béèsì, àwọn àmì mẹ́rin tó wà nílẹ̀, ká. Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó wà: ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Mi ò sọ pé olè ni ọkùnrin náà o. Ohun tó ń tà lè wà lóòótọ́, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòroó já nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹjọ, agbára káká ni òpin ọ̀sẹ̀ kan fi máa kọjá láìsí ìdíje softball àwọn ọmọdé níbì kan. Àwọn òbí ló ń dáwó jọ, wọ́n á gba kóòṣì, wọ́n á dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á máa gbé àwọn ọmọ wọn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Travel ball ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ tó bá sanwó ìforúkọsílẹ̀ lè wọ ọ̀pọ̀ nínú ìdíje wọ̀nyẹn láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló ń wọlé, ọmọ kan kì í dá wọlé. Tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ta àyè ẹyọ ọmọ kan fún yín, ẹ bi í pé inú ẹgbẹ́ wo ni ọmọ náà máa wà, ta ni kóòṣì wọn, àwọn ọmọ mìíràn wo ni wọ́n á jọ gbá a.

Bí ó bá sì dárúkọ Little League World Series, ẹ tètè dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ìyẹn ni ìdíje ọmọdé tí orúkọ rẹ̀ tàn jù lọ, Greenville ní North Carolina ni wọ́n ti ń gbá ti softball báyìí. Kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni ń tà níbẹ̀. Líìgì àdúgbò tó ti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Little League ló ń yan àwọn ọmọ tirẹ̀, wọ́n á borí ní agbègbè wọn, wọ́n á borí ní ẹkùn wọn (Yúróòpù àti Áfíríkà jọ wà ní ẹkùn kan náà), kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn tí kò ju ọdún 12 lọ ló sì wà fún. Ọmọ yín ti pé 13, ó ti ń kọjá rẹ̀ lọ.

Ibi tí irọ́ ti wọnú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn gan-an ni pé àwọn kóòṣì yunifásítì á mú ọmọ yín lójú ẹsẹ̀. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ṣòfin ní 2018 pé kóòṣì softball ní Division I, tó jẹ́ ìpele tó ga jù, kò gbọdọ̀ bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀ nípa mímú un wọ ẹgbẹ́ òun títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ọmọ náà wọ kíláàsì kọkànlá. SS2 nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ohun tó fa òfin náà ni pé àṣejù ti wọ̀ ọ́: àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti ọmọ yín lọ ti ń ṣèlérí fún yunifásítì tí wọ́n máa wọ̀ ní ọdún márùn-ún sí i. Nítorí náà, kóòṣì Division I tó bá “mú” ọmọ JSS3 lójú ẹsẹ̀ ti rú òfin. Kò sì sí kóòṣì olórí pípé tó máa fi iṣẹ́ rẹ̀ tafà nítorí ọmọ tí kò rí rí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ eré fúnra rẹ̀, torí ẹ̀yin náà ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ní 1887 ni, ní Chicago, lọ́jọ́ Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan kóra jọ sí Farragut Boat Club, wọ́n ń retí èsì bọ́ọ̀lù yunifásítì Yale àti Harvard. Nígbà tí èsì dé, ẹnì kan fi ayọ̀ ju ìbọ̀wọ́ tí àwọn akànṣẹ́ ń lò sí ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì fi igi gbá a padà. Ọ̀gbẹ́ni George Hancock fi okùn di ìbọ̀wọ́ náà bíi bọ́ọ̀lù, ó fi ẹfun fa ilà sílẹ̀, eré bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Orúkọ tí à ń pè é lónìí kò tiẹ̀ dé títí di 1926. Bọ́ọ̀lù ìgbà yẹn rọ̀ lóòótọ́. Ti ìsinsìnyí kò rọ̀ mọ́ o. Ẹ bi ẹni tó bá ti bà lójúgun.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀, tó sì yẹ kó mú inú yín dùn. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ibi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù ń jìnnà sí i. Nínú òfin tí ọ̀pọ̀ ìdíje ọmọdé ń tẹ̀ lé, ọmọ tó wà ní ìpele ọdún 10 ń jù ú láti ẹsẹ̀ bàtà 35, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 11 yíká. Ní ìpele ọdún 12, ó di ẹsẹ̀ bàtà 40, bọ́ọ̀lù di ínṣì 12. Ní ìpele ọdún 14, ó di ẹsẹ̀ bàtà 43. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ìpele ọdún 16, ìpele ọdún 18, yunifásítì, Òlíḿpíìkì, 43 náà ni fún obìnrin. Àárín béèsì kan sí èkejì kò yí padà náà, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni. Ọmọ yín ti wà ní ìpele ọdún 14 báyìí. Ibi tó ń dúró sí ní pápá ilé-ìwé rẹ̀ ní Ìkòròdú, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n dáadáa, kò yàtọ̀ sí ibi tí àwọn tó gba góòlù Òlíḿpíìkì dúró sí.

Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa? Mo ti rí ọmọ tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní “Ìbọn”. Mo yá téèpù lọ́wọ́ bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, a wọn ilẹ̀, ó jẹ́ 36. A sún un sẹ́yìn dé 43, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń gbà á. Ọmọ náà sunkún lọ́jọ́ yẹn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù ń dé. Tí fídíò kankan bá máa lọ sí ọ̀dọ̀ kóòṣì kankan, ẹ rí i dájú pé téèpù ti kan ilẹ̀ náà.

Ẹ ó máa gbọ́ líìgì, ẹ ó máa gbọ́ ìdíje, ọ̀tọ̀ lọ̀kọ̀ọ̀kan. Líìgì dà bíi NPFL tí Ìkòròdú City ń gbá: ẹ pàdánù lónìí, ẹ tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, torí àyè àṣìṣe wà. Ìdíje softball kò rí bẹ́ẹ̀, kò sì rí bí ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù tiwa tí ìpàdánù kan ṣoṣo ń lé ènìyàn lọ sílé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Ẹ pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ẹ bọ́ sí apá kejì, níbi tí àwọn tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀kan ti ń yọ ara wọn. Ẹ lè gba apá ibẹ̀ dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pàdánù ń dúró dè yín, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì gbọ́dọ̀ na òun náà.

Ó dùn ún wò. Ìdáríjì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹgbẹ́ tó bá tètè pàdánù, tó sì fẹ́ dé àṣekágbá, ló máa gbá eré púpọ̀ jù lọ, lọ́jọ́ kan náà, nínú oòrùn kan náà. Ta ló ń san gbèsè yẹn? Apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni.

Gbogbo ènìyàn tó mọ eré yìí mọ ìtàn Yukiko Ueno ará Jàpáánì. Ní Òlíḿpíìkì Beijing, 2008, ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ó ju bọ́ọ̀lù fún Jàpáánì nínú eré tí wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ètò ìdíje náà fún wọn láyè kejì. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó tún jù ú fún inning 12 gbáko kí wọ́n tó borí Australia, bẹ́ẹ̀ inning 7 ni eré softball (inning kan ni kí ẹgbẹ́ méjèèjì gbá tiwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan). Lọ́jọ́ kejì, ó jáde sí Amẹ́ríkà, ó nà wọ́n 3-1, Jàpáánì gba góòlù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlálénírinwó ni ọwọ́ rẹ̀ yí láàárín ọjọ́ méjì: 413. Àgbàlagbà ọdún 26 ni o, tí àwọn dókítà àti afọwọ́ra tò yí ká.

Kóòṣì wa kan á gbọ́ ìtàn yìí, á sì fi ọmọ ọdún 13 dán an wò. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti ṣe é. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní ọmọ kan tó dára ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, mo sì fi í ju eré márùn-ún ní Sátidé àti Sọ́ńdè. A gba ife. Ní Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ pè mí pé ọmọ náà kò lè gbé ọwọ́ sókè di irun rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri, pé nítorí pé abẹ́ ni wọ́n ti ń ju softball kò lè pa apá lára, kì í ṣe òótọ́. Èjìká ń dùn ún, ìgúnpá ń dùn ún, ẹ̀yìn pàápàá kò gbẹ́yìn. Nítorí náà, kí ẹ tó bi kóòṣì ọmọ yín ní ìbéèrè kankan nípa Amẹ́ríkà, ẹ bi í pé: ta ni ẹnì kejì tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ yín? Bí ó bá dákẹ́, ẹ ti rí iṣẹ́ tó kàn.

Ó kan owó wàyí. Ẹ ní ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ibi tí owó náà wà kì í ṣe ibi tí ẹ lérò.

Ilé-ìwé ni. Láti 1972 ni òfin kan ti wà ní Amẹ́ríkà, Title IX, tó ní ilé-ìwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin, eré ìdárayá sì wà nínú rẹ̀. Yunifásítì tó ń náwó sórí bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin ní láti wá eré tó máa náwó sí fún àwọn obìnrin, softball sì wà lára àwọn tó jèrè rẹ̀. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ 64 ní Division I ni wọ́n ń pè sí ìdíje ìparí ọdún. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n á pín wọn sí ojúkò 16, wọ́n á ku 16, wọ́n á ku 8, àwọn 8 yẹn á wá kóra jọ sí Oklahoma City. Women's College World Series ni wọ́n ń pè é. Oklahoma gba á lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra, láti 2021 dé 2024, kí Texas tó gbà á ní 2025. Texas Tech ni wọ́n nà ní àṣekágbá. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Texas Tech, NiJaree Canady, ti kúrò ní Stanford wá síbẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún ọdún kan. Akẹ́kọ̀ọ́ ni o.

Ẹ má jẹ́ kí mílíọ̀nù yẹn pa yín lójú, ẹyọ ènìyàn kan ni. Ti àwọn yòókù ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kì í sì í sábà jẹ́ odidi. Títí di 2025, owó ènìyàn 12 péré ni ẹgbẹ́ Division I kan lè pín, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́. Òfin ti yí padà láti ìgbà náà. Ilé-ìwé tó bá wọ àdéhùn tuntun tí NCAA fọwọ́ sí lè fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọn kò bá ti ju 25 lọ. Àwọn ilé-ìwé kéékèèké ọlọ́dún méjì náà ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, mo sì rò pé ọmọ tó ti ibí lọ lè tètè ráyè níbẹ̀ ju Oklahoma lọ.

Bàbá rẹ̀ á fẹ́ràn èyí. Kí ọmọ tó lè gbá eré ní Division I, wọ́n á ka iṣẹ́ 16 tó ṣe ní sẹ́kọ́ńdírì, ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì àti irú wọn, máàkì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 2.3 nínú 4. Iṣẹ́ kíláàsì kẹsàn-án wà nínú ohun tí wọ́n ń kà. JSS3 nìyẹn, ọdún tó wà yìí. Nítorí náà, ẹ sọ fún bàbá pé òun àti kóòṣì kò bára wọn jà.

Ti àwọn tí eré yìí jẹ́ iṣẹ́ fún, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1976, wọ́n dá líìgì kan sílẹ̀ fún obìnrin ní Amẹ́ríkà, Billie Jean King tó jẹ́ gbajúmọ̀ nínú tẹ́nìsì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kú. Òmíràn dìde ní 2004, òun náà di ìtàn ní 2021. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, AUSL, bẹ̀rẹ̀ ní 2025 pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́rin péré, MLB tó ni líìgì baseball ńlá sì ti fi owó sí i. Mo ń gbàdúrà fún un. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ mi ni, Jàpáánì ni mo máa wò. Níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ń ní ẹgbẹ́: Toyota ní tirẹ̀, Hitachi ní tirẹ̀, Bic Camera tí Ueno ti gbá fún ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ 16 ló bẹ̀rẹ̀ líìgì wọn, JD.League, ní 2022. Ẹ rò ó báyìí pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Odogunyan ní ẹgbẹ́ softball tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tí owó oṣù wọn ń wọlé bí ti ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí apá bá rẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ lè wà nílẹ̀.

Òlíḿpíìkì náà ńkọ́? Ó ń wọlé, ó ń jáde. Wọ́n gbá softball ní 1996, 2000, 2004 àti 2008, wọ́n yọ ọ́. Ó padà ní Tokyo, Jàpáánì tún gba góòlù, Ueno náà ni, ó ti pé ọdún 39. Wọ́n tún yọ ọ́ ní Paris. Yóò padà ní 2028. Los Angeles ló gbàlejò eré, ṣùgbọ́n Oklahoma City ni wọ́n á ti gbá softball. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà péré ló máa wà níbẹ̀. Ní Áfíríkà, South Africa àti Botswana wà lára àwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ọ̀nà ti àwa nílé ni kí ọmọ ti ilé-ìwé dé ẹgbẹ́ Èkó, kó ti ibẹ̀ dé National Sports Festival tí softball ti wà lára eré tí wọ́n ń gbá, níbi tí àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ Nàìjíríà ti lè rí i. Kò sí ₦800,000 níbì kankan nínú ọ̀nà yẹn. Owó mọ́tò wà níbẹ̀, owó ìbọ̀wọ́ àti bàtà náà wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé kí ẹ gé ọjọ́ orí rẹ̀ sí 11 kó lè tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má gbà. Ìwé ìbí ni wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè nínú ìdíje tó bá gbayì, irọ́ ọdún méjì sì lè ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ fún ohun tí ọdún SS2 ì bá mú wá fún un.

Ọkùnrin yẹn á padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fún un ní àga, ẹ fún un ní omi tútù. Kí ẹ wá sọ pé ẹ fẹ́ mọ orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀, ìpele ọjọ́ orí tí wọ́n kọ síbẹ̀, àti nọ́ńbà kóòṣì tó fọwọ́ sí i, kí èmi náà lè pè é. Ohun tó bá fèsì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.